Owó ìlú àti sitédíọ̀mù bọ́ọ̀lù: ta ló ń sanwó, ta ló ń jẹ ẹ́?

Ọmọ Òkè-Àdó:

Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Àríyànjiyàn kan ti wà nílẹ̀ láàárín èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi níbi tá a ti máa ń wo bọ́ọ̀lù, ó ti fẹ́ dìjà báyìí, ni mo bá ní kí n gbé e wá síbí kẹ́ ẹ bá wa dá sí i, torí mo mọ̀ pé àwọn tó ń gbé nítòsí sitédíọ̀mù wà níbí, àwọn ará London náà wà níbí, àwọn lọ́ọ̀yà pàápàá ń bẹ níbí tí wọ́n kàn ń kà á lọ láì sọ̀rọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló dá a sílẹ̀. Ó ní ojú ń ti òun pé Super Eagles ti sọ Uyo dilé. Ó ní Akwa Ibom kọ́ tiwọn, ó ń gba 30,000 èèyàn, wọ́n ṣí i ní 2014, kí ló wá dé tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan nílẹ̀ Yorùbá ò lè kọ́ irú ẹ̀? Kí gómìnà yáwó kó kọ́ ọ, owó á padà wọlé, hòtẹ́ẹ̀lì á kún, ọlọ́kadà á rí èrò gbé, àwọn ọmọ tó ń fẹ̀yìn ti ògiri kiri á ríṣẹ́ ṣe. Àwọn tó kù ń pariwo bẹ́ẹ̀ ni bẹ́ẹ̀ ni.

Èmi ní ẹ dúró ná. Àwa tá a wà n'Íbàdàn, ṣé sitédíọ̀mù la ò ní ni àbí ẹni tó máa tọ́jú èyí tó wà nílẹ̀? Ẹ wo Liberty Stadium. Ìjọba Western Region ló fi owó ìlú kọ́ ọ, 1960 ni wọ́n ṣí i. Ibẹ̀ ni Dick Tiger ti na Gene Fullmer ní 1963, irú ìjà ẹ̀ṣẹ́ àgbáyé bẹ́ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí nílẹ̀ aláwọ̀ dúdú kó tó dìgbà yẹn. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù àwọn ọ̀dọ́ àgbáyé níbẹ̀ ní 1999. Wọ́n tún wá fi orúkọ Awólọ́wọ̀ sọ ọ́. Orúkọ ńlá, àmọ́ ó wà lọ́wọ́ Federal, ìyẹn ìjọba àpapọ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún tí irin ẹ̀ ń dógùn-ún, tí koríko ń ga, tẹ́nì kan ò bèèrè. Ẹ wá wo Adamasingba tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀, wọ́n tún un ṣe, nǹkan bíi 5.5 bílíọ̀nù náírà ni wọ́n fọwọ́ sí ní 2020, ó sì dùn ún wò, mi ò ní purọ́, ọmọ ẹ̀yìn 3SC, kílọ́ọ̀bù bọ́ọ̀lù Ìbàdàn, ni mí. Àmọ́ mi ò tíì rí ẹni tó lè jókòó ṣàlàyé fún mi pé èló ló ń wọlé padà àti pé àpò ta ló ń wọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyẹn. Ṣé òótọ́ ni pé owó ń padà wọlé? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé nítòsí ẹ, kí lẹ rí? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sọ pé "Ọlọ́run ló mọ̀" fún mi o.


Ìyá Sanmí:

Ọmọ Òkè-Àdó, o káre. Ẹ̀yìn títì Alhaji Masha ní Sùúrùlérè ni wọ́n bí mi sí, kò sẹ́ni tó máa wá fi sitédíọ̀mù pa ìtàn fún mi. Federal ló kọ́ National Stadium yẹn, wọ́n parí ẹ̀ ní 1972, wọ́n sì fi ṣe All-Africa Games lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Bàbá mi wà níbẹ̀ ní 1980 tá a na Algeria 3-0 níbi àṣekágbá Nations Cup, títí wọ́n fi kú ni wọ́n ń sọ ọ́ pé ojú àwọn báyìí ni Odegbami ṣe gbá méjì wọlé. Èmi náà wà ládùúgbò ní 2000 tí Cameroon fi pẹnárítì gba ife mọ́ wa lọ́wọ́, èyí tí Ikpeba gbá tó lu òpó tó sọ̀ kalẹ̀ yẹn, títí dòní táwọn kan ní ó ti kọjá ìlà. Ẹ ò ní gbọ́ kí n sọ pé sitédíọ̀mù ò wúlò o. Ayọ̀ tó fún wa ò ṣeé fowó rà.

Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ohun táwọn tó ń sọ pé ọrọ̀ ajé á rú kì í sọ. Lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù, ẹni tó ń ta nǹkan tútù ń pa owó, ẹni tó bá ní àgbàlá tó fẹ̀ díẹ̀ á máa gbowó páàkì. Ó pin síbẹ̀. Télọ̀, ẹni tó ń ta oògùn, ẹni tó ń ta aṣọ, títì ni wọ́n ń tìlẹ̀kùn, torí oníbàárà wọn ò lè débẹ̀, ọ̀nà ti dí láti aago méjìlá. Ìyá mi ń ta léèsì nígbà yẹn, ọjọ́ tí Eagles bá ní eré wọn kì í tiẹ̀ dá ara wọn láàmú láti ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tí Abuja wá dé ní 2003, tí wọ́n ná owó tó lé ní 300 mílíọ̀nù dọ́là sórí ẹ̀, eré ńláńlá kúrò lọ́dọ̀ wa. Eré lọ, sitédíọ̀mù ò lọ. Ó wà níbẹ̀ tó ń jẹrà. Àwọn èèyàn wọ inú ọgbà ẹ̀, ilé ọtí, mẹkáníìkì, ẹni tó ń yan ẹja, débi pé tẹ́ ẹ bá sọ fún ọlọ́kọ̀ pé Stadium lẹ̀ ń lọ, ẹja yíyan ló máa rò pé ẹ fẹ́ lọ jẹ. Abuja tó gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ wa ńkọ́? Koríko tiẹ̀ náà bà jẹ́ débi pé Dangote ló ṣèlérí mílíọ̀nù kan dọ́là pé òun á bá wọn tún un ṣe. Sitédíọ̀mù olú-ìlú Nàìjíríà o, oníṣòwò ló ń bá a ra koríko!

Ẹ kọjá sódìkejì títì lọ́dọ̀ wa níbí, Teslim Balogun rèé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1984, wọ́n parí ẹ̀ ní 2007, ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ti lè kó ìyàwó wá wò ó nígbà tí wọ́n ṣí i. Ọ̀kan ti Federal, ọ̀kan ti ìpínlẹ̀, wọ́n ń wo ara wọn lójú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n kọ́ òmíràn, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ta ni yóò máa gé koríko.


3SC Lọ̀gá:

Ẹ̀yin wọ̀nyí, gbogbo nǹkan lẹ máa ń fi owó wọ̀n. Ta ló bèèrè èrè lọ́wọ́ páàkì, ta ló bèèrè èrè lọ́wọ́ ilé ìkàwé? Bọ́ọ̀lù ni ọ̀dọ́ ń wò tí kò fi lọ ṣe nǹkan burúkú. 3SC gba ife Áfíríkà ní 1976, ó tún gba CAF Cup ní 1992, àwa la kọ́kọ́ gba ife yẹn láyé, ta ló mọ èló ni ìyẹn tó fún orúkọ Ìbàdàn? Ìjọba ló ni 3SC, ìjọba ló ni Adamasingba, owó wa ni wọ́n fi ń tọ́jú nǹkan wa. Kí ni ẹjọ́ níbẹ̀? Bí ẹ bá ní kí wọ́n fi kọ́ ilé ìwòsàn, wọ́n á tún ní ilé ìwòsàn tó wà nílẹ̀ ò dáa, a ò ní kọ́ nǹkan kan láéláé nìyẹn.


Bàbá Táyé (East Ham):

Ẹ má rò pé Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ti ń fi owó ìlú ṣe fújà o. Ẹ jókòó kí n sọ ti ibi tí mo wà yìí fún yín, ó gùn díẹ̀.

West Ham ni kílọ́ọ̀bù àdúgbò wa. Láti 1904 ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní Upton Park, ní Boleyn Ground, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Green Street. Mi ò kì í ṣe ọmọ ẹ̀yìn wọn, Arsenal ni mí, ẹ má bú mi. Ní Stratford níbí, wọ́n fi owó ìlú kọ́ sitédíọ̀mù fún Òlíńpíìkì 2012. Eré sísá ni wọ́n fi sọ́kàn nígbà tí wọ́n ń yàwòrán ẹ̀, wọn ò ro ti bọ́ọ̀lù, nígbà tí Òlíńpíìkì wá parí, wọ́n ní kí West Ham máa bọ̀. Àtúnṣe tí wọ́n ní 190 mílíọ̀nù pọ́ùn ló máa jẹ di 323 mílíọ̀nù. Èló ni West Ham dá sí i? 15 mílíọ̀nù. Owó ilé tí wọ́n á máa san lọ́dọọdún jẹ́ nǹkan bíi 2.5 mílíọ̀nù, ọdún 99 ni wọ́n gbà á. Agbábọ́ọ̀lù kan péré ní Premier League ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún!

Ohun tó bí mi nínú jù ni pé wọ́n fi àdéhùn yẹn pamọ́, wọ́n ní àṣírí òwò ni. Àwọn ẹgbẹ́ olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ló ń béèrè ẹ̀ títí, ọ̀rọ̀ dé iwájú ìgbìmọ̀ onídàájọ́, ní 2016 ìwé náà wá jáde síta. Ibẹ̀ la ti rí i pé onílé, ìyẹn owó ìlú, ló ń sanwó àwọn tó ń darí èrò, òun ló ń sanwó iná, òun ló ń gbálẹ̀, títí kan òpó góòlù àti àsíá kékeré tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ ní igun pápá. Àsíá igun pápá o! Kílọ́ọ̀bù tó ń gba owó tẹlifíṣọ̀n lọ́dọọdún ò lè ra àsíá mẹ́rin.

Ti ìjókòó tún wà níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn á máa ti ìjókòó ìsàlẹ̀ sẹ́yìn tó bá ti di ìgbà eré sísá, àwọn á tún tì í padà fún bọ́ọ̀lù, pé nǹkan bíi 300,000 pọ́ùn ni yóò máa ná àwọn lọ́dún. Nígbà tí iṣẹ́ dé, kò jọ ti ẹ̀rọ tẹ́ ẹ̀ ń rò lọ́kàn rárá, bí ẹni ń tú àgọ́ tó tún ń pa á ni, àwọn òṣìṣẹ́ ló ń tú irin kan kúrò lára òmíràn fún ọjọ́ gbọọrọ, owó ẹ̀ di nǹkan bíi 8 mílíọ̀nù lọ́dún. Káńsù Newham, tá a mọ̀ pé kò rí já jẹ, fi 40 mílíọ̀nù pọ́ùn sí i pé òun á jèrè. Ní 2017 wọ́n jáde, owó wọlẹ̀. Ọdún yẹn náà ni méyọ̀ Sadiq Khan ní kí wọ́n yẹ ìwé wò, tó wá gba àkóso ẹ̀, torí nǹkan bíi 20 mílíọ̀nù pọ́ùn ni sitédíọ̀mù yẹn ń pàdánù lọ́dún, àwa tá à ń san owó orí London la sì ń dí i.

Ó ku ti àdúgbò tí wọ́n fi sílẹ̀. May 2016 ni wọ́n gbá èyí tó kẹ́yìn ní Boleyn, wọ́n na Man United 3-2, wọ́n sì wó o, wọ́n fi ilé 842 síbẹ̀. Àwọn ilé ọtí tó wà níbẹ̀ àtàwọn tó ń ta páì, Sátidé bọ́ọ̀lù ni wọ́n fi ń gbé ọ̀sẹ̀, ọ̀rọ̀ ò sì rí bákan náà fún wọn mọ́. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí: Queen's Market tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin, níbi tí gbogbo wa ti ń ra iṣu, pòǹmọ́ àti ata rodo, kò tiẹ̀ mọ̀ pé bọ́ọ̀lù kúrò. Ọjọ́ tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù gan-an làwa kì í lọ sọ́jà tẹ́lẹ̀, torí èrò. Ohun tí Ìyá Sanmí sọ nípa ṣọ́ọ̀bù ìyá wọn, ó rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ́dọ̀ tiwa náà.


3SC Lọ̀gá:

Bàbá Táyé ẹ ṣeun, àmọ́ ti London yàtọ̀. Olówó ló ni West Ham, ẹ̀tàn ni kí wọ́n máa fi owó tálákà kọ́ ilé fún olówó. Àwa níbí, kò sí olówó kankan láàárín.


Bàbá Táyé (East Ham):

O sọ òótọ́ níbẹ̀ àbúrò. Àmọ́ wò ó, tó bá jẹ́ ìjọba kan náà ló ni kílọ́ọ̀bù tó tún ni sitédíọ̀mù, ta ló ń gba owó ilé lọ́wọ́ ta? Lọ́dọ̀ wa, àdéhùn burúkú wà, a rí i kà nígbà tó yá, a sì bínú. Lọ́dọ̀ yín ńkọ́, ṣé àdéhùn tiẹ̀ wà tẹ́ ẹ máa kà? Gómìnà tuntun dé, kò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, owó àtúnṣe ti kú nìyẹn. Liberty tí Ọmọ Òkè-Àdó ń sọ, kì í ṣe pé wọn ò kọ́ ọ dáadáa, ẹni tó kọ́ ọ yàtọ̀ sẹ́ni tó wá ń mójú tó o.

Mi ò sì ní kí ìjọba má dá sí i rárá. Ẹ wo Tottenham. Kílọ́ọ̀bù fúnra ẹ̀ ló yáwó ní báńkì láti kọ́ sitédíọ̀mù tiẹ̀, nǹkan bíi bílíọ̀nù kan pọ́ùn ni gbogbo iṣẹ́ náà ná wọn, wọ́n ṣí i ní April 2019. Síbẹ̀ lẹ́yìn ìjà ìgboro 2011, méyọ̀ àti káńsù Haringey ṣèlérí 27 mílíọ̀nù pọ́ùn fún títì àti àyíká, wọ́n sì dẹ ọwọ́ fún wọn lórí ilé tówó ẹ̀ ò ga tó yẹ kí wọ́n kọ́ sí i. Àwọn ará àdúgbò kan ṣì ń bínú sí ìyẹn títí dòní, wọn ò jẹ̀bi. Àmọ́ nítorí pé gbèsè wà lọ́rùn onílé fúnra ẹ̀, kò jẹ́ kí ibẹ̀ sùn. Lónìí bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, lọ́la Beyoncé, ibẹ̀ ni Joshua ọmọ Ṣágámù ti pàdé Usyk ní 2021 tí gbogbo wa pa dà sílé pẹ̀lú orí fífọ́. Ẹni tó jẹ gbèsè kì í jókòó.


Ẹlẹ́ran Mọ́kọ́lá:

Ẹ jẹ́ kí èmi tó ń ta nǹkan nítòsí Adamasingba sọ tèmi, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé. Ẹran ewúrẹ́ ni mo ń sun, aláta tó gbóná, lójú ọ̀nà tí èrò ń gbà jáde.

Òótọ́ ni pé bọ́ọ̀lù ń mówó wọlé fún mi, ẹni tó bá ní kò mówó wọlé kò tíì ta nǹkan níbẹ̀ rí. Àmọ́ ẹ wò ó, ogún kílọ́ọ̀bù ló wà nínú líìgì wa, ẹ̀ẹ̀mọ́kàndínlógún péré ni 3SC ń gbá nílé nínú ọdún kan. Mọ́kàndínlógún nínú ọjọ́ 365! Nínú mọ́kàndínlógún yẹn, ẹ yọ àwọn tó bọ́ sáàárín ọ̀sẹ̀ tí èèyàn ò wá, ẹ yọ ọjọ́ òjò. Ó ku Enyimba, ó ku Rangers, ó ku Remo Stars, àwọn wọ̀nyẹn ni mo máa ń tìtorí ẹ̀ ra ẹran ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá na 3SC, ẹran yẹn á kù sí mi lọ́rùn, torí ẹni tí wọ́n na kì í jẹ ẹran, ó kàn máa ń rìn kọjá ni, á máa bú kóòṣì lọ sílé. Ọjọ́ tí wọ́n bá borí, ẹ ò ní rí eegun kankan lórí àwo mi.

Torí náà ẹni tó bá sọ fún yín pé sitédíọ̀mù á bọ́ àdúgbò, ẹ bi í pé ọjọ́ mélòó lọ́dún? Ohun tó ń bọ́ mi gan-an ni ìlú tó ń kọjá lójoojúmọ́ ní Mọ́kọ́lá, àwọn oníṣọ́ọ̀bù tó wà lára ògiri sitédíọ̀mù, àwọn tó ń wá síbi ìpàdé, ìsìn àti ayẹyẹ. Bọ́ọ̀lù jẹ́ ẹ̀bùn fún mi, tó bá dé mo gbà á, àmọ́ mi ò lè tìtorí ẹ̀ yá owó àjọ. Gómìnà náà ò gbọ́dọ̀ yáwó tìtorí ẹ̀, tó bá jẹ́ pé èmi ni wọ́n fi ń ṣe àwáwí.


Adájọ́ Ọ̀la:

Mi ò fẹ́ dá sí i tẹ́lẹ̀ àmọ́ ẹ ti pe àwa lọ́ọ̀yà. Ohun kan wà tẹ́nì kankan ò tíì mẹ́nu bà, ilẹ̀ tí wọ́n máa kọ́ ọ sí.

Sitédíọ̀mù tuntun kì í dúró lórí ilẹ̀ kékeré, ẹ ro páàkì mọ́ ọn, ẹ ro títì mọ́ ọn, ilẹ̀ oko ẹnì kan ni tàbí ilé àwọn èèyàn. Land Use Act 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà, ó sì lè gba ẹ̀tọ́ padà lọ́wọ́ yín fún ire gbogbo ìlú. Òfin ní kí wọ́n san gbà-máà-bínú, àmọ́ kí ni wọ́n ń sanwó ẹ̀? Ilé tẹ́ ẹ kọ́ síbẹ̀, irè oko yín, àtàwọn àtúnṣe tẹ́ ẹ ṣe, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ti pé ó ti gbó kúrò, pẹ̀lú owó ilẹ̀ tẹ́ ẹ san lọ́dún yẹn. Ilẹ̀ fúnra ẹ̀, iye tó máa tà lọ́jà, ẹ ò rí i gbà. Bí wọ́n bá wá ní ilẹ̀ àyíká á gbówó lórí torí sitédíọ̀mù, òótọ́ lè ni, àmọ́ ẹni tó ni ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́ láti jẹ ẹ́. Ẹni tó ra tiẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti kéde ló ń jẹ ẹ́, ẹni yẹn sì sábà máa ń jẹ́ ẹni tó ti gbọ́ ṣáájú.

Nítorí náà bí ìjọba yín bá fẹ́ kọ́ ọ, ẹ bèèrè ìwé ilẹ̀ ibi tó máa wà kẹ́ ẹ tó bèèrè àwòrán. Àwòrán máa ń dùn.


Ìkẹ́nnẹ́ ni mí:

Gbogbo yín ń pariwo ìjọba ìjọba, ẹ wá sí Ìkẹ́nnẹ́. Kúnlé Soname fi owó ara ẹ̀ ṣe Remo Stars, ó fi owó ara ẹ̀ kọ́ sitédíọ̀mù wọn, kò tóbi, kò sí ibi tí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n máa jókòó sí, àmọ́ koríko ẹ̀ tẹ́jú, iná ẹ̀ ń tàn, ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Wọ́n gba líìgì 2024/25 níbẹ̀, gbogbo àwọn kílọ́ọ̀bù ìjọba tó ní sitédíọ̀mù gàgàrà ń wò wọ́n. Kí ló dé? Torí tí koríko bá gbẹ, owó àpò ẹnì kan ló máa lọ sí i, ẹni yẹn ò sì ní dúró de bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún tó ń bọ̀. Bí sitédíọ̀mù ṣe yẹ kó tóbi tó ni kó tóbi mọ. Ibi tí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn ń wá, ẹ ń kọ́ ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún síbẹ̀, ṣé ẹyẹ ló máa jókòó síbi tó kù?


Ìyá Sanmí:

Ìkẹ́nnẹ́, o sọ̀rọ̀. Àmọ́ ìlú mélòó ló ní Soname?


Ìkẹ́nnẹ́ ni mí:

Ìyẹn ni mi ò rí èsì fún ma.


Kánsas ò jìnnà:

Ẹ kú ìjókòó o. Mo wà ní Missouri, níbi tí wọ́n ti ń pe bọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ ní football, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ gbọ́ ni pé níbí, wọ́n bi àwọn èèyàn. April 2024, ní Jackson County, wọ́n gbé e kalẹ̀ fún ìbò pé kí wọ́n máa yọ díẹ̀ lára owó ọjà táwa aráàlú ń rà fún ogójì ọdún, kí Royals tó ń gbá baseball lè kọ́ tuntun, kí Chiefs tó ń gbá football yẹn lè tún tiwọn ṣe. Chiefs ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife ńlá ní February ọdún yẹn o, gbogbo ìlú ṣì ń wọ aṣọ pupa kiri, ìyá àgbà tó wà níwájú ilé mi ò tíì sọ àsíá tiẹ̀ kalẹ̀. Síbẹ̀ 58 nínú ọgọ́rùn-ún ní rárá. Wọ́n fẹ́ràn Chiefs dénú, wọn ò kàn fẹ́ san án fún olówó.

Ní New York, wọn ò bi ẹnikẹ́ni. Ìjọba ìpínlẹ̀ gbé 600 mílíọ̀nù dọ́là kalẹ̀ fún sitédíọ̀mù Buffalo Bills, Erie County gbé 250 mílíọ̀nù sí i. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé níbí kì í sábà fohùn ṣọ̀kan lórí nǹkan kan, àmọ́ lórí èyí ohùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣọ̀kan pé owó tí ìlú ná kì í padà wọlé. Ohun tí wọ́n ń sọ rọrùn: owó tí bàbá kan ná lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù, ilé oúnjẹ tàbí síńmá ni ì bá ná an sí nínú ìlú kan náà. Owó kàn ṣípò ni.

Ìlú tó bá sì kọ̀, kílọ́ọ̀bù á ní òun ń kó lọ sí ìlú kejì. Ohun tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà wọ́n nìyẹn. Ẹ̀yin ò ní ìṣòro yẹn, 3SC ò lè kó lọ sí Abẹ́òkúta.


3SC Lọ̀gá:

Kí Ọlọ́run má ṣe é. Abẹ́òkúta kẹ̀!

Ó dáa, mo ti ka gbogbo ẹ̀. Mo ṣì ń sọ ọ́ pé kò burú kí ìjọba ná owó sórí bọ́ọ̀lù, Adamasingba tí wọ́n tún ṣe, mo lọ síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ mi, wọ́n jókòó sórí ìjókòó tó mọ́, obìnrin ń wá síbẹ̀ báyìí, ẹ lọ wo bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ìyẹn náà jẹ́ èrè. Àmọ́ mo fara mọ́ ti Ìyá Sanmí lórí koríko. Tí mo bá jẹ́ gómìnà, tí wọ́n bá gbé ìwé sitédíọ̀mù wá síwájú mi, iye àtúnṣe ọdún mẹ́wàá ni mo máa kọ́kọ́ wò, tí kò bá sí níbẹ̀ mi ò ní fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ lo sitédíọ̀mù fún ìsìn, fún pátì, fún ìpolongo ìbò, kó sanwó, kí owó yẹn wọ àpò àtúnṣe, kó má wọ ibòmíràn. Àwọn olóṣèlú gan-an ni kó san jù torí àwọn ló ń gbé mọ́tò gun orí koríko.


Adájọ́ Ọ̀la:

Kí wọ́n sì gbé àkáǹtì yẹn síta lọ́dọọdún fún gbogbo ayé láti kà. Ó ti wà lábẹ́ òfin pé kẹ́ ẹ lè béèrè ìwé lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, láti 2011 ni Freedom of Information Act ti wà nílẹ̀, ẹ kì í kàn lò ó ni. Irú òfin bẹ́ẹ̀ tiwọn ni àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù lò ní London tí àsíá igun pápá fi bọ́ síta. Àwọn ẹgbẹ́ olólùfẹ́ 3SC náà lè kọ lẹ́tà, kò ná wọn ju bébà lọ.


Ẹlẹ́ran Mọ́kọ́lá:

Lọ́ọ̀yà, tí wọ́n bá dá yín lóhùn, ẹ wá jẹ ẹran ọ̀fẹ́ lọ́dọ̀ mi. Mo mọ̀ pé mi ò ní pàdánù.


Ọmọ Òkè-Àdó:

Ẹ ṣeun gan-an gbogbo yín, mo ka gbogbo ẹ̀ sétí ọ̀rẹ́ mi yẹn lánàá, pàápàá ti Bàbá Táyé àti ti àwọn Missouri. Ó rẹ́rìn-ín sí ti àsíá, ó ní àwọn òyìnbó náà ya wèrè. Àmọ́ kò yí ohùn padà o, ó ní ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún ni òun ṣì fẹ́, kó ní òrùlé, kó ní iná tó máa hàn dé Mọ́níyà.

Mo wá bi í léèrè ti 3SC Lọ̀gá, pé nínú owó tó fẹ́ kí gómìnà lọ yá yìí, èló ló yà sọ́tọ̀ fún àtúnṣe? Ó wò mí báyìí. Ó ní ìjọba tó ń bọ̀ ló máa mójú tó ìyẹn.